Láti tútù la ti ń ká ẹja: bí a ṣe ń yẹ ìlera ọ̀sà Èkó wò lára ẹpìyà

Lọ́dọọdún ni mo ń rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ kó ẹja lọ́sà, á ra kẹ́míkà olówó gọbọi, á lo oṣù mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹja Ìddó, ẹja Mákòkó àti ẹja ibi tí ó pè ní "ibi mímọ́" á rí bákan náà. Yóò wá kọ ọ́ pé ìdọ̀tí kò ṣe ẹja ọ̀sà Èkó ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Ẹja rẹ̀ ló bàjẹ́ kó tó dé yàrá àyẹ̀wò.

Nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe májèlé inú omi gan-an là ń wá, ohun tí májèlé náà ti ṣe sí ara ẹja là ń wá. Àmì ara ni mo ń pè é. Biomarker ni àwọn onímọ̀ ń kọ sínú ìwé. Omi ọ̀sà ń wọlé, ó ń jáde, èyí tí ẹ bù láàárọ̀ kọ́ ló máa wà níbẹ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n ara ẹja tó ń gbé ibẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Wàhálà rẹ̀ ni pé àmì yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹja bá ti kú tí oòrùn sì ń pa á, ó ń yí padà nìyẹn.

Àyẹ̀wò mẹ́ta péré ni mo máa ní kí ẹ ṣe. Àkọ́kọ́ ni AChE (acetylcholinesterase), èròjà inú ọpọlọ tó ń pa iṣẹ́ tí iṣan rán sí iṣan rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ́ ẹ tán. Oògùn kòkòrò bíi dichlorvos, èyí tí à ń fọ́n fún aáyán nílé, ló máa ń dè é mọ́lẹ̀. Èkejì ni MDA (malondialdehyde), ohun tó ń ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rá inú ara bá ń bàjẹ́, bí òróró tó pẹ́ ṣe ń rùn nínú ìgò. Ẹ̀kẹta ni catalase, èyí tó ń tú hydrogen peroxide ká nínú ẹ̀dọ̀ kó tó ba nǹkan jẹ́. Àwọn kan á ṣe mẹ́wàá. Mo ti rí i pé ẹni tó ṣe mẹ́wàá kì í ṣe ìkankan dáadáa.

Ohun tí ẹ ó nílò

Létí omi: kúlà ńlá méjì, yìnyín tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, àpò iyọ̀ kan, sìsọ́ọ̀sì kékeré, abẹ tuntun, ìbọ̀wọ́, fóìlì, ìgò ike kékeré olómọrí, ṣẹ́lótéèpù, pẹ́ńsùlù (gègé onítadà á parẹ́ tí omi bá kàn án), rúlà, òṣùwọ̀n kékeré, tẹmọ́mítà, àti refractometer tí a fi ń wo iyọ̀ inú omi. Ẹ mú ẹnì kejì dání. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ní yàrá àyẹ̀wò: fíríìsà tó dé −80°C, tàbí −20°C tí ẹ bá máa parí iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, centrifuge tó ń tutù (ẹ̀rọ tó ń yí ìgò kí ohun tó wúwo lè lọ sísàlẹ̀), spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń wọ̀n bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mì), cuvette (ìgò kékeré tí à ń ki bọ ẹ̀rọ náà) oní-quartz kan ó kéré tán, omi distilled, phosphate buffer (omi tí kì í jẹ́ kí pH, ìyẹn kíkan rẹ̀, yí padà) 0.1 M, ọ̀kan ní pH 7.4, èkejì ní pH 8.0. Kẹ́míkà rẹ̀ ni DTNB àti acetylthiocholine iodide fún AChE, eserine tó ń dá AChE dúró, TBA àti TCA fún MDA, BHT tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá bàjẹ́, hydrogen peroxide 30% fún catalase, àwọ̀ Bradford fún protein, àti BSA, protein tí à ń fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Májèlé gidi ni eserine. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ẹ má lọ sí etí omi bí ohun kan bá kù nínú ìwọ̀nyí. Ẹja kò ní dúró kí DTNB tí ẹ béèrè fún tó dé.

Ìpele 1: Ẹ yan ibi, ẹ yan àsìkò

Ibi tí ẹ fẹ́ wò kò ṣòro rí. Ìddó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ tí wọ́n ti ń dà sí ọ̀sà, Oko Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó àti èéfín tó ti wọ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Àpápá wà níbẹ̀ pẹ̀lú epo ọkọ̀ òkun. Ibi tí ẹ máa fi wé wọn ló le. Èmi ò mọ ibì kan lọ́sà Èkó tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó mọ́, nítorí náà mi ò kì í pe ibi kankan ní "mímọ́". Ibi ìfiwé ni mo ń pè é, ibi tó jìnnà sí ilé iṣẹ́ àti gọ́tà ńlá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á gbà Ẹ̀pẹ́ lọ nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́. Omi Ẹ̀pẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀, omi ìsàlẹ̀ Àpápá sì ń gba omi òkun sára. Iyọ̀ nìkan tó láti yí catalase padà láìsí májèlé kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àsìkò. Ní Oṣù Kẹfà sí Oṣù Keje, òjò á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀sà di omi odò; tó bá di Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta, iyọ̀ á ti gòkè gan-an. Ẹni tó kó ẹja Ìddó lásìkò òjò tó wá kó ti ibi ìfiwé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ló wọ̀n, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ kó ẹja gbogbo ibi láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ní àsìkò kan náà lójúmọ́.

Ìfiwé kejì wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú ẹja láàyè méjìlá láti ọ̀sà kan náà, ẹ sìn wọ́n sínú omi tó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí iyọ̀ omi náà bá ti ọ̀sà mu. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba ni, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí chlorine fi lọ. Bí AChE wọn bá ga ju ti àwọn ẹja tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́sà, ẹ ti rí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ gbá dànù.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: ẹ kọ iyọ̀ àti ooru omi gbogbo ibi sílẹ̀. Bí iyọ̀ ibì kan bá fi ju ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún yàtọ̀ sí ti ìyókù, ẹ wá ibòmíràn.

Ìpele 2: Ẹ yan ẹja

Ẹpìyà ọ̀sà ni kí ẹ lò, Sarotherodon melanotheron, èyí tí àgbàlagbà rẹ̀ máa ń ní àbàwọ́n dúdú lábẹ́ àgbọ̀n. Kì í rìn jìnnà bí ẹja òkun, ó ń jẹ nísàlẹ̀, ó sì pọ̀. Ẹja mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbì kan, tí gígùn wọn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 12 sí 16. Ẹ má da kékeré pọ̀ mọ́ ńlá.

Ẹ má rà á lọ́jà. Ẹja orí àtẹ, bó ti wù kó dán tó, ó ti kú láti òru. Àwọn apẹja ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ègùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Mákòkó, wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń béèrè á yà wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, bàbá kan bi mí pé:

"Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ láàyè ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ̀ ò le. Èmi náà mọ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ló fún mi ní èyí tó ń jàjà jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹnikẹ́ni fi oògùn pa ẹja nítòsí lọ́sẹ̀ náà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́, nítorí òfin kò fàyè gbà á, wọn kò sì ní dáhùn ọlọ́pàá.

Akọ ẹpìyà yìí ló ń gbé ẹyin sẹ́nu. Nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sì yàtọ̀. Ẹ la ẹnu gbogbo ẹja wò. Èyí tí ẹyin bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ dá a padà sómi.

Ìpele 3: Ẹ ṣí i létí omi níbẹ̀

Ẹ má gbé odindi ẹja lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Etí omi ni kí ẹ ti yọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹnì kan á máa pa, á máa yọ. Ẹnì kejì á máa wọ̀n, á máa kọ, á máa dì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fún ẹja kan.

Ẹ gé ẹja lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń fi epo kánáfùrù kùn ún lóorun kọ́kọ́. Kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ṣe fún ọ̀kan ni kí ẹ ṣe fún gbogbo wọn. Ẹ ṣí agbárí láti òkè, ẹ fa ọpọlọ yọ lódindi. Kò ju hóró ẹ̀pà kan lọ nínú ẹpìyà kékeré, nítorí náà ẹ má wá gíráàmù kan níbẹ̀, ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan lẹ máa rí. Lẹ́yìn náà ẹ la ikùn, kí ẹ sì ṣọ́ òróòro.

Gbogbo ìyá ẹlẹ́ja ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òróòro bá bẹ́ sínú ẹja: ìkòkò ọbẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Nínú iṣẹ́ tiwa ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òróòro ń pa iṣẹ́ èròjà ẹ̀dọ̀, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì ń tan ẹ̀rọ jẹ. Ẹ̀dọ̀ tí òróòro bá ta sí, ẹ jù ú nù, ẹ má fi omi ṣàn án kí ẹ wá sọ pé kò ṣe nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bá mi ṣiṣẹ́ ti pa ẹja fún ìyá rẹ̀ lọ́jà láti kékeré. Nínú ẹja ọgọ́ta, kò bẹ́ òróòro kan. Ẹ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ fi buffer tútù fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹ̀dọ̀, ẹ nù ún, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dì í sí fóìlì, ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ sọ ọ́ sínú yìnyín.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n láìsí ewé lára, ọpọlọ gbọ́dọ̀ funfun kó má tíì rọ̀. Bí ọpọlọ bá ti ń ṣàn, ẹja náà ti kú kí ẹ tó débẹ̀.

Ìpele 4: Láti etí omi dé fíríìsà

Ibí gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lọ́dún kan, mo kó ẹja ogójì láti apá Ìsàlẹ̀ Èkó. A parí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, inú mi dùn. Láti Adéníjì dé Adékúnlé lórí afárá Third Mainland, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọkọ̀ kan ló kọ̀ lójú ọ̀nà níwájú. Nígbà tí mo ṣí kúlà ní Yábà, omi ló ń mì nínú rẹ̀, fóìlì ń léfòó bí ọkọ̀ ọmọdé. Mo ṣe àyẹ̀wò náà síbẹ̀, nítorí ojúkòkòrò. AChE gbogbo wọn lọ sílẹ̀, MDA gbogbo wọn ga, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ibì kankan. Gosiló ni mo wọ̀n lọ́dún yẹn.

Yìnyín lásán tó ń yọ́ kì í tutù ju 0°C lọ, kò sì tó. Ẹ da iyọ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí ìwọ̀n iyọ̀ kan sí yìnyín mẹ́ta, tútù rẹ̀ á sì lọ jìnnà sísàlẹ̀ 0°C. Ẹ kó fóìlì sínú ọ̀rá tí ẹ dì le kí omi iyọ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá rí dry ice, tàbí nitrogen olómi, kó lò ó. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àti yìnyín ti gbà mí sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ kó kúlà kejì dání pẹ̀lú yìnyín nìkan, kí ẹ lè fi kún ti àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá wà tó ń lọ apá ibi tí ẹ ń lọ, ẹ wọ̀ ọ́.

Fíríìsà náà ní ọ̀tá tirẹ̀, ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi ife omi kan sínú rẹ̀, kí omi náà dì, kí ẹ wá gbé òkúta wẹ́wẹ́ kan lé orí rẹ̀. (Owó ẹyọ ni wọ́n ń lò nílùú ibòmíràn, ta ló tún ń rí owó ẹyọ l'Ékòó?) Bí ẹ bá dé tí òkúta wà nísàlẹ̀ ife, iná lọ, gbogbo rẹ̀ yọ́, ó tún dì padà lẹ́yìn yín. Ẹ má lo ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: tẹmọ́mítà inú kúlà kò gbọdọ̀ tíì kọjá −5°C nígbà tí ẹ bá dé, òkúta sì gbọ́dọ̀ wà lórí yìnyín.

Ìpele 5: Lílọ̀ àti yíyí

Buffer pH 7.4 tútù ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́, apá kan ẹran sí apá mẹ́sàn-án buffer. Ọpọlọ tó jẹ́ 0.1 g, 0.9 ml ni tirẹ̀. Inú yìnyín ni kí ìgò wà bí ẹ ti ń lọ̀ ọ́, torí ẹ̀rọ ìlọ̀ ń gbóná. Nínú ẹ̀dọ̀, ẹ bù díẹ̀ sápá kan fún MDA kí ẹ tó yí i.

Ẹ yí ẹ̀dọ̀ nínú centrifuge ní 10,000 g fún ogún ìṣẹ́jú ní 4°C. Yóò dà bí ògì: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, omi lókè. Omi òkè ni ẹ fẹ́. Ọpọlọ yàtọ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì ni AChE so mọ́, bí ẹ bá yí i le jù, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló máa lọ, ẹ ó sì dà á nù. 1,000 g fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ọpọlọ.

Ẹ kíyè sí i pé g, agbára tí yíyí náà ń fi ti nǹkan sísàlẹ̀ ìgò, kì í ṣe rpm, iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ẹ fi 1.118 × 10⁻⁵ sọ r di púpọ̀, ẹ tún fi rpm sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, g nìyẹn. R ni jíjìn ìgò sí àárín ẹ̀rọ ní sẹ̀ǹtímítà. Bí r bá jẹ́ 8, ẹ nílò nǹkan bí 10,600 rpm kí ẹ tó dé 10,000 g. Centrifuge orí tábìlì tó ń yí 4,000 rpm, tí r rẹ̀ jẹ́ 15, kò ju 2,700 g lọ. Ẹni tó kọ "10,000" sínú ìwé rẹ̀ láìṣírò kò mọ ohun tó ṣe.

Ìpele 6: Wíwọ̀n

AChE. Nínú cuvette, ẹ fi buffer pH 8.0, DTNB àti omi ọpọlọ sí i. Ẹ má tíì fi acetylthiocholine sí i. Omi náà á kọ́kọ́ pọ́n fúnra rẹ̀ bí omi òroǹbó, nítorí ara ẹja ní èròjà sulfur tirẹ̀ tó ń bá DTNB jà. Ẹni tó bá kánjú, tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ka ìyẹn mọ́ AChE. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá títí ẹ̀rọ á fi dúró ṣinṣin ní 412 nm (nọ́ńbà irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń lò), kí ẹ tó fi acetylthiocholine sí i, kí ẹ wá máa kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ tún ṣe cuvette kan láìsí ọpọlọ, kí ẹ yọ tirẹ̀ kúrò. Inú fóìlì ni kí ìgò DTNB máa gbé, ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ká ní ẹ̀rọ gòkè ní 0.085 níṣẹ̀ẹ́jú kan, cuvette jẹ́ 3 ml, ọpọlọ tí ẹ fi sí i jẹ́ 0.1 ml. Ẹ fi 14,150, nọ́ńbà àwọ̀ tí DTNB ń mú jáde, pín 0.085, ẹ ó rí 6 nmol nínú ml kan níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 0.1 pín in: 180. Bí protein inú rẹ̀ bá jẹ́ 3 mg nínú ml kan, 60 nmol níṣẹ̀ẹ́jú kan fún mg protein kan ni èsì yín.

Àyẹ̀wò: ẹ fi eserine 10 µM sí ọ̀kan. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Bí ó bá ṣì ń gòkè, kì í ṣe AChE lẹ ń wọ̀n.

MDA. Ẹ̀dọ̀ tí ẹ kò tíì yí, TCA, TBA, BHT díẹ̀. Ẹ má yọ BHT sílẹ̀ torí pé ó wọ́n: láìsí i, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ á tún máa bàjẹ́ nínú omi gbígbóná fúnra rẹ̀, ẹ ó sì ka ohun tí ẹ fúnra yín sè. 95°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ mú un tutù, ẹ yí i, ẹ ka omi òkè tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní 532 nm. Ẹ tún kà á ní 600 nm kí ẹ yọ ọ́ kúrò, ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. 0.156 túmọ̀ sí 1 nmol nínú ml kan. Ìyẹn rọrùn láti rántí.

Catalase. 240 nm. Cuvette ike tàbí gíláàsì lásán kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá. Quartz nìkan ni. Ẹ po peroxide 30% pọ̀ mọ́ buffer ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kí ẹ tó fi ẹ̀dọ̀ kankan sí i, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ka nǹkan bí 0.44, 10 mM nìyẹn. Bí ó bá ka 0.2, peroxide yín ti kú nínú ìgò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé gbígbóná. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ń tà fún egbò ní ilé oògùn. Ẹ̀dọ̀ lágbára púpọ̀, ẹ bomi là á ní ìlọ́po àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì máa gbá èéhọ́ kúrò lára cuvette.

Protein. Bradford, 595 nm, pẹ̀lú ìlà BSA tuntun lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi ọṣẹ Triton lọ̀ ọpọlọ kò gbọdọ̀ lo Bradford.

Ìpele 7: Kíka èsì

Ìwọ̀n mẹ́ta láti ara ẹja kan kì í ṣe ẹja mẹ́ta. Ẹ fi àròpín wọn ṣe ọ̀kan. Ẹja méjìlá, nọ́ńbà méjìlá.

Bí AChE ibì kan bá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí ti ibi ìfiwé, tí ìyàtọ̀ náà sì dúró nínú ìṣirò, oògùn kòkòrò ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin olóró náà lè ṣe é díẹ̀. MDA tó ga ń sọ pé ara ń bàjẹ́ láìsọ ẹni tó bà á jẹ́. Catalase ni kò ṣe é fọkàn tán fúnra rẹ̀. Ó máa ń ga nígbà tí wàhálà bá bẹ̀rẹ̀, ó sì lè já wálẹ̀ nígbà tí wàhálà bá pọ̀ jù, nítorí náà nọ́ńbà kékeré lè jẹ́ ti omi mímọ́, ó sì lè jẹ́ ti omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹja. Ẹ máa kà á pọ̀ mọ́ MDA ni. Catalase kékeré pẹ̀lú MDA kékeré, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Catalase kékeré pẹ̀lú MDA gíga, ẹ padà lọ síbẹ̀.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ní kí ẹnì kejì yín fi ṣẹ́lótéèpù bo nọ́ńbà ìgò mẹ́fà, kó kọ nọ́ńbà tuntun sí i, kó sì fún yín padà. Ẹ tún wọ̀n AChE wọn láìmọ èyí tó jẹ́ ti Ìddó. Bí nọ́ńbà tuntun bá fi ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ padà sí ìpele 4, kí ẹ lọ wo òkúta inú ife.